Ta Ni Ó Gun Ẹṣin Náà?



Ní Ọjọ́ Ìsinmi kan, lẹ́yìn Mísà kejì, ọ̀dọ́mọkùnrin kan nínú ìjọ wa dúró dè mí ní ẹnu ọ̀nà ilé àlùfáà. Iṣẹ́ àwòrán ni ó ń ṣe. Ó kọ́ iṣẹ́ náà ní Yaba, ó sì ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní ìtòsí Ojúẹlẹ́gba, níbi tí ó ti ń fi ọwọ́ ya ẹ̀dà àwọn àwòrán ńláńlá ilẹ̀ òkèèrè fún àwọn tí wọ́n fẹ́ fi wọ́n ṣe ilé lọ́ṣọ̀ọ́. Ó sọ fún mi pé àwòrán ogun ni àwọn oníbàárà ń bèèrè jù: ọ̀gágun lórí ẹṣin, àsíá tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́, èéfín àgbá. Àwọn onílé ìtura a máa rà á. Àwọn tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́lé ní Surulere a máa rà á. Èmi náà ti rí ọ̀kan nínú ilé kan tí wọ́n pè mí sí láti wá bùkún. Òkè ìjókòó olórí ilé gan-an ni wọ́n gbé e kọ́ sí, àgbélébùú Olúwa wa sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí wọ́n ti ń tan iná mànàmáná. N kò sọ ohun kan ní ọjọ́ náà. Ó yẹ kí n ti sọ ọ́.

Ọ̀rọ̀ tí ó gbé ọ̀dọ́mọkùnrin náà wá nìyí. Oníbàárà kan, ọkùnrin tí ó rí jájẹ, mú àwòrán kan wá fi hàn án: Napoleon, ọ̀gágun ilẹ̀ Faransé, lórí ẹṣin tí ó gbé ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì sókè lórí òkè gíga. Ó ní kí ó ya ẹ̀dà rẹ̀, kí ó tóbi tó ògiri pálọ̀, kí ó yọ ojú Napoleon kúrò, kí ó sì fi ojú bàbá-ńlá òun sí i, nítorí pé bàbá-ńlá náà lọ sí Ogun Kírìjì. Kí ó bọ́ ẹ̀wù òyìnbó kúrò lọ́rùn rẹ̀, kí ó wọ̀ ọ́ ní gbérí ogun. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tí ó mọ bí ojú bàbá náà ti rí. Fọ́tò bàbá tí ó bí oníbàárà fúnra rẹ̀ ni ó mú wá, pé kí wọ́n máa fi ìyẹn fojú bù ú. Kò sì sí ẹni tí ó lè sọ bóyá bàbá-ńlá náà gun ẹṣin rí láyé rẹ̀. Owó tí ó fẹ́ san tó owó ìyálé ṣọ́ọ̀bù náà fún ọdún kan. Ó ti san ìdajì sílẹ̀.

“Fádà,” ni ó wí, “ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?” Kí n tó dáhùn ni ó ti fi kún un pé ẹ̀dà ni òun ń yà, bí irọ́ bá wà nínú àwòrán náà, ẹni tí ó kọ́kọ́ yà á ni ó pa á, ẹni tí ó sì fẹ́ rà á ni ó fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Òun kàn jẹ́ ọwọ́ ni.

Mo ní kí ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ìbéèrè tí owó ilé bá wà nínú rẹ̀ kì í ṣe èyí tí a ń dáhùn lórí ìdúró. Ohun tí mo rò ní ọ̀sẹ̀ náà ni mo fẹ́ bá yín sọ lónìí.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mú ohun kan kúrò lọ́nà. Ẹ̀dà yíyà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Àìná Onabólú, tí a bí ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ọdún 1882, tí ó sì ṣíwájú àwọn ayàwòrán wa ní ọ̀nà ti ayé òde òní, fífi ọwọ́ ya ẹ̀dà àwọn àwòrán inú ìwé òyìnbó ni ó fi kọ́ ara rẹ̀ nígbà èwe. Ọmọ iṣẹ́ a máa wo ọwọ́ ọ̀gá. Àní ẹni tí ó ya Napoleon yìí, Jacques-Louis David, ṣe ẹ̀dà iṣẹ́ ara rẹ̀. Charles Kẹrin, ọba ilẹ̀ Spéìnì, ni ó kọ́kọ́ bẹ̀ ẹ́ ní iṣẹ́ náà, àkọ́kọ́ sì parí ní ọdún 1801. Nígbà tí ó fi máa di ọdún 1805, àwòrán kan náà ti di márùn-ún láti ọwọ́ David àti àwọn tí wọ́n ń ràn án lọ́wọ́. Aṣọ ìlékè tí ó jẹ́ àwọ̀ ìyeyè nínú àkọ́kọ́ di pupa nínú àwọn yòókù. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má ṣe tijú pé òun ra ẹ̀dà. Ohun tí ó tọ́ ni kí ẹni tí ó ń tà á sọ pé ẹ̀dà ni, kí ẹni tí ó rà á má sì purọ́ fún àlejò. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa a máa kọ orúkọ ara rẹ̀ sí ẹ̀yìn kánfáàsì, pẹ̀lú orúkọ ẹni tí ó kọ́kọ́ ya àwòrán náà. N kò ní ẹjọ́ bá a rò lórí ìyẹn.

Ṣùgbọ́n kí ni àwòrán náà ń sọ? Ó ń sọ pé báyìí ni Napoleon ṣe kọjá òkè. Bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó sì ṣe kọjá. Ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1800 ni ó gba ọ̀nà Saint-Bernard láàárín àwọn òkè Alps, tí ó ń lọ sí Ítálì láti bá àwọn ará Austria jà. Ìbaaka ni ó gùn. Ọkùnrin kan, ọmọ ibẹ̀ tí ó mọ ọ̀nà, ni ó ṣe amọ̀nà rẹ̀ lórí yìnyín. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ọmọ ogun rẹ̀ ti kọjá ṣáájú. Wọ́n ti gbẹ́ inú ìtí igi, wọ́n tẹ́ àgbá sínú rẹ̀, wọ́n sì fi okùn wọ́ ọ gun òkè. Napoleon kò jókòó fún David kí ó yà á. A gbọ́ pé ọmọ David ni wọ́n ní kí ó gun orí àkàbà, kí bàbá rẹ̀ lè wo bí ènìyàn ṣe ń jókòó lórí ẹṣin. Ní ọdún 1850, Faransé mìíràn, Paul Delaroche, ya ohun náà ní ọ̀nà tí ó sún mọ́ òtítọ́ ju ti David lọ: ọkùnrin kan tí òtútù mú, tí ó fi ọwọ́ bọ inú ẹ̀wù, lórí ìbaaka tí ó ti rẹ̀, amọ̀nà rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ìyẹn wà ní Liverpool títí di òní. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin wa léèrè bóyá ẹnikẹ́ni ti ní kí ó ya ẹ̀dà ìyẹn rí. Ó rẹ́rìn-ín.

Bí ẹ bá tún pàdé ẹlẹ́ṣin David lára ògiri níbì kan, ẹ sún mọ́ ọn. Ní ìsàlẹ̀, lẹ́yìn ẹsẹ̀ ẹṣin, ẹ ó rí àwọn ọmọ ogun kéékèèké tí wọ́n ń bá àgbá jìjàkadì. Ojú wọn kò hàn tó kí ìyá wọn dá wọn mọ̀. Lórí àpáta ni a kọ orúkọ mẹ́ta sí: ti Bonaparte, ti Hannibal, àti ti Charlemagne, pé àwọn wọ̀nyí ni wọ́n gba orí òkè wọ̀nyí kọjá. Ẹni tí ó wọ́ àgbá kò ní orúkọ níbẹ̀.

Tọ́másì Mímọ́ ti Aquino, tí àwọn olùkọ́ wa ní ilé ẹ̀kọ́ àlùfáà kò jẹ́ kí a sinmi lórí rẹ̀, pín irọ́ sí ọ̀nà mẹ́ta: irọ́ ẹ̀fẹ̀, irọ́ tí a pa láti ṣe ẹnìkan ní oore, àti irọ́ tí ń pa ènìyàn lára. Mo kọ́kọ́ fẹ́ fi ti ẹṣin yìí sí abẹ́ irọ́ ẹ̀fẹ̀. Ta ni ó kú nítorí pé ìbaaka di ẹṣin? Ṣùgbọ́n bí mo ti ń ka ìtàn náà ni ẹ̀rín ń kúrò lẹ́nu mi. Ọdún méjì géérégé sí ọjọ́ tí Napoleon kọjá òkè náà, ní ogúnjọ́ oṣù karùn-ún ọdún 1802, ó fi àṣẹ sí òfin tí ó dá oko ẹrú àti òwò ẹrú láre ní àwọn erékùṣù Faransé, lẹ́yìn tí ìjọba ilẹ̀ náà ti fòpin sí oko ẹrú ní ọdún 1794. Ní ọdún 1802 kan náà ni àwọn ọmọ ogun rẹ̀ wà ní Saint-Domingue, tí a ń pè ní Haiti nísinsìnyí, tí wọ́n ń bá àwọn ènìyàn dúdú jà. Àwọn ọmọ Yorùbá, tí wọ́n ń pè ní Nàgó níbẹ̀, wà lára àwọn tí wọ́n ti kó lẹ́rú lọ sí erékùṣù náà. Wọ́n mú Toussaint Louverture, olórí wọn, gbé e lọ sí Faransé, wọ́n tì í mọ́ inú ilé olódi kan lórí òkè títutù, ibẹ̀ ni ó sì kú sí ní oṣù kẹrin ọdún 1803. Haiti gba òmìnira ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 1804. Ẹ ka ọdún náà dáadáa: láàárín ẹ̀dà kìn-ín-ní àwòrán yẹn àti ẹ̀dà ìkarùn-ún ni gbogbo nǹkan wọ̀nyí ṣẹlẹ̀. Bí wọ́n ti ń da ẹ̀jẹ̀ sílẹ̀ ní òkè òkun, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń tún ẹṣin kùn ní Paris.

Ọkùnrin yẹn ni ó wà ní òkè ìjókòó bàbá ilé ní Surulere. Àpérò Nísíà Kejì, ní ọdún 787, kọ́ wa pé ọlá tí a bá fún àwòrán a máa kọjá lọ bá ẹni tí àwòrán dúró fún. Nítorí èyí ni a fi ń tẹrí ba fún àwòrán Ìyá Olúwa wa láìṣe abọ̀rìṣà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, nígbà tí àlejò bá wọlé tí ó sì ké “Háà, jagunjagun!”, ọ̀dọ̀ ta ni ọlá yẹn ń lọ? Ẹni tí ó kọjá òkè kò gun ẹṣin. Ẹni tí ó gun orí àkàbà kò kọjá òkè.

Mo mọ ohun tí oníbàárà náà yóò sọ, nítorí pé ọ̀dọ́mọkùnrin wa ti gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀. Yóò ní kò sí ẹni tí í fi ọwọ́ òsì júwe ilé bàbá rẹ̀. Yóò ní ṣebí oríkì náà ni èyí, oríkì tí a fi ọ̀dà kọ. Ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ òmùgọ̀. Àwọn ìyá wa a máa pe ọkùnrin kúkúrú ní erin, a kò sì rí ọmọ tí ó wá ọwọ́ìjà lọ sí iwájú rẹ̀. Oríkì ní ojú tí a fi ń wò ó; gbogbo ìlú ni ó mọ ojú náà. Ẹ tún rántí pé oríkì kì í fi ìdojúùjà pamọ́: bí bàbá ẹni bá jẹ gbèsè, bí ó bá sá lójú ogun, ẹni tí ń kì í lè dárúkọ rẹ̀ kí ilé sì rẹ́rìn-ín. Àwòrán tí ó ní ojú ènìyàn, tí ó ní ẹ̀wù, tí ó ní ìbọn, kò rí bẹ́ẹ̀. Ọmọ ọdún méje yóò wò ó, yóò gbà pé bí ó ti rí nìyẹn. Nígbà tí ó bá di ọmọ àádọ́ta ọdún, yóò búra sí i.

Ṣé kí ayàwòrán má ya ohun tí kò rí ni? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Akínọlá Láṣẹ̀kan, ọmọ Ọ̀wọ̀, tí ọ̀pọ̀ ènìyàn mọ̀ nítorí àwòrán ẹ̀fẹ̀ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn West African Pilot, ya Ògèdèǹgbé ti Iléṣà nínú Ogun Kírìjì. Ọdún 1910 ni Ògèdèǹgbé kú; ọdún 1916 ni wọ́n bí Láṣẹ̀kan. Kò rí i rí. Ṣùgbọ́n Ògèdèǹgbé wà níbẹ̀ lóòótọ́, òun ni ó ṣe olórí ogun àwọn Èkìtì Parapọ̀ sí àwọn ará Ìbàdàn. Ayàwòrán lo òye rẹ̀ láti fi ara wọ ohun tí ìtàn ti jẹ́rìí sí. Ìyẹn yàtọ̀ sí kí a mú ẹ̀rí tí a mọ̀ pé èké ni, kí a pààrọ̀ orí rẹ̀, kí a sì gbé e kalẹ̀ fún àwọn ọmọ.

Àwọn baba wa tí wọ́n ja ogun náà pàápàá kò nílò kí a fi òkè òyìnbó kún tiwọn. Ọdún 1877 ni ó bẹ̀rẹ̀. Wọ́n tọwọ́ bọ ìwé àlàáfíà ní ọdún 1886, ó sì di ọdún 1893 kí ibùdó ogun tó tú ká. Ọdún mẹ́rìndínlógún! Ìró ìbọn tí ń dún láàárín àwọn òkè ni wọ́n ní ó fún ogun náà ní orúkọ rẹ̀. Láti Èkó níhìn-ín ni àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà àti Èkìtì ti ń fi ìbọn ìgbàlódé ránṣẹ́ sí àwọn ènìyàn wọn.

Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan. Ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, èmi àti àwọn àlùfáà ẹgbẹ́ mi rìn lọ sí ìlú Abomey, ní orílẹ̀-èdè Olómìnira Benin. Lára ògiri ààfin Ọba Glele, tí ó jọba láti ọdún 1858 sí 1889, ni àwọn oníṣọ̀nà ti fi amọ̀ mọ àwòrán ogun Dàhòmì, tí wọ́n sì fi oríṣiríṣi àwọ̀ kùn ún. Ní ọdún 1988, nígbà tí ilé náà ti ń wó, wọ́n yọ 50 nínú àwọn àwòrán náà láti tọ́jú wọn. Ẹ̀dà ni wọ́n fi sí ara ilé tí wọ́n tún kọ́. Irú àwọn àwòrán bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn aránṣọ ìlú náà ń gé láti ara aṣọ, tí wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ rán mọ́ aṣọ mìíràn fún títà. Ọkùnrin kan tẹ́ ọ̀kan sílẹ̀ níwájú wa: jagunjagun kan gbé idà sókè, ó di ẹnìkan mú ní ọrùn. Mo bi í pé ta ni èyí tí wọ́n di mú. “Nàgó ni,” ni ó wí tẹ̀ríntẹ̀rín. Kò mọ̀ pé Nàgó ni òun ń bá sọ̀rọ̀.

Mo rántí Kétu. Ní ọdún 1886, ọdún kan náà tí àwọn ará Kírìjì tọwọ́ bọ ìwé, àwọn ọmọ ogun Glele fọ́ ìlú Kétu, wọ́n kó àwọn ènìyàn rẹ̀ lẹ́rú. Ọrùn tí ó wà lórí aṣọ yẹn ní orúkọ nígbà kan rí. Inú bí mi. Lẹ́yìn náà ni mo bi ara mi léèrè pé, bí àwọn Ẹ̀gbá bá ti rán aṣọ tiwọn lẹ́yìn tí wọ́n lé Dàhòmì padà ní Abẹ́òkúta ní ọdún 1851 àti 1864, ọrùn ta ni ìbá wà lọ́wọ́ ta ni? Ṣé inú ìbá bí mi? Síbẹ̀ mo gbọ́dọ̀ sọ ohun rere kan nípa aṣọ náà: ó jẹ́wọ́ pé ogun a máa pa ènìyàn. Ẹṣin ti David kò jẹ́wọ́ rẹ̀. Mo ra aṣọ náà. Ó wà nínú àpótí mi títí di òní. N kò gbé e kọ́, n kò sì tíì lè fi tọrẹ.

Àwòrán ọmọ ogun wà nínú ilé Ọlọ́run pẹ̀lú, bí a kò tilẹ̀ kí í rò ó bẹ́ẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ti gba Ọ̀nà Àgbélébùú ní ìjọ Pọ́ọ̀lù Mímọ́ ní Ẹ̀búté-Mẹ́ta, níbi tí Bruce Onobrakpeya ti ya ibùdó mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá sára ògiri ní nǹkan bí ọdún 1967, ẹ mọ ohun tí mo ń wí. Ibi gbogbo nínú Kristẹndọmu ni ọwọ́ ènìyàn ti ń ya ìtàn yẹn láìmọye ìgbà, ẹ̀dà lórí ẹ̀dà. Àwọn ọmọ ogun Róòmù ni wọ́n ní ohun ìjà níbẹ̀, àwọn ni wọ́n sì ṣẹ́gun ní ọjọ́ náà. Ta ni nínú yín tí ó wo ojú wọn rí?

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ pé, mo sọ èrò mi fún ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Mo sọ fún un pé n kò lè gba ọ̀rọ̀ “mo kàn jẹ́ ọwọ́ ni” lẹ́nu rẹ̀. Ẹni tí ó gbé ẹ̀rí èké láti ẹnu kan dé òmíràn, kò sí adájọ́ tí yóò gbà fún un pé òun kàn jẹ́ ẹnu. Òfin Kẹjọ kò ya ẹni tí ó kọ́kọ́ sọ ọ́ sọ́tọ̀ kúrò lára ẹni tí ó tún un sọ. Kí ó ya ẹ̀dà Napoleon bí ó bá fẹ́, kí ó kọ orúkọ David sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí ó sì sọ ti ìbaaka fún ẹni tí ó bá bèèrè. Ṣùgbọ́n ti bàbá-ńlá yìí, kí ó kọ́kọ́ wádìí ẹni tí bàbá náà jẹ́. Mo mọ̀ bí mo ti ń sọ ọ́ pé kì í ṣe èmi ni mo ń san owó ṣọ́ọ̀bù.

Ó lọ bá oníbàárà rẹ̀, ó bẹ̀ ẹ́ pé kí ó fi òun mọ ẹni tí ó dàgbà jù lọ nínú ẹbí. Wọ́n ní kí ó lọ rí ìyá àgbà kan ní Mushin, tí ó ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ìyá náà kò pẹ́ kí ó tó sọ̀rọ̀. Ó ní bàbá òun sọ fún òun pé bàbá-ńlá kò gun ẹṣin kankan. Ẹ̀tù ìbọn ni ó ń fi orí rù lọ sí ibùdó. Láàárín ìbọn ni ó ti lo èwe rẹ̀, nígbà tí ó sì padà sílé, etí rẹ̀ méjèèjì ti di. Ẹni tí ó bá fẹ́ bá a sọ̀rọ̀ ní láti fi ọwọ́ kàn án kí ó tó pariwo, nítorí bí a bá dé bá a lójijì, a máa wó lulẹ̀, a sì fi apá bo orí.

Mo lọ wo iṣẹ́ náà ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá. Ó ti yà á: ọkùnrin kan ní ẹsẹ̀ lásán, ẹrù lórí, òkè Ìmẹ̀sí lẹ́yìn rẹ̀, kò sí ẹṣin. Nítorí pé kò sí ẹni tí ó mọ ojú bàbá náà, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, òjìji ẹrù sì bo ojú rẹ̀. Oníbàárà wá wò ó ní ẹ̀ẹ̀kan. Ó dúró pẹ́ níwájú rẹ̀, ó ní òun ń bọ̀, kò sì tíì padà wá. Ọ̀dọ́mọkùnrin wa ní bí ó bá wá béèrè ìdajì owó rẹ̀, òun kò mọ ibi tí òun yóò ti rí i, nítorí òun ti fi ra ọ̀dà. Mo ní kí ó wá sọ fún mi bí ó bá di bẹ́ẹ̀.